Ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, aṣọ ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀: ìdí tí sítáà fi ń yọ nínú ohun tí a tẹ̀ ránṣẹ́

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìkéde ìpàdé ẹbí wa lọ́dún tó kọjá. Orí WhatsApp ni mo kọ ọ́ sí. Mo fi sítáà kan síwájú àkókò ìpàdé, mo fi òmíràn sẹ́yìn rẹ̀, kí ó lè hàn sí gbogbo ènìyàn: *aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́*. Lójú fóònù tèmi, sítáà méjèèjì pòórá, lẹ́tà àárín wọn sì nípọn, ó hàn ketekete. Bàbá wa àgbà kì í lo WhatsApp ní tiwọn. Fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò. Mo bá kọ́pì ìkéde náà, mo fi ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ sí wọn. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi pè mí.

"Mo rí iṣẹ́ tí o rán, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n sítáà tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé mo máa tẹ̀ ẹ́ ni, bí ìgbà tí èèyàn ń wo owó tó kù lórí fóònù?"

Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání. Ẹni tó ti mọ́ lára láti tẹ *310# kí ó tó mọ iye tó kù sórí fóònù rẹ̀ kò lè rí sítáà kí ó má rò pé nǹkan kan wà láti tẹ̀. Kì í sì í ṣe Bàbá nìkan. Ẹ wo ìkéde òkú, ìwé ìpè ìnáwó, àdúrà òwúrọ̀ tí àwọn èèyàn ń kó láti WhatsApp lọ sórí Facebook: sítáà á wà níwájú, sítáà á wà lẹ́yìn, ìlà ìsàlẹ̀ (_) á so mọ́ orúkọ èèyàn bí ìrù. Àwọn kan rò pé fóònù ló bàjẹ́. Àwọn mìíràn rò pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Àdéhùn ni kò sí láàrin ẹ̀rọ tó sọ̀rọ̀ àti ẹ̀rọ tó gbọ́ ọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ débi tí yóò fi yé ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà rárá, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń kọ Yorùbá ju bí a ṣe rò lọ.

Nọ́ńbà ni lẹ́tà

Fóònù kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́. Nọ́ńbà ló ń fi ránṣẹ́. Ètò ńlá kan wà tí àwọn ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fẹnu kò lé lórí, Unicode ni wọ́n ń pè é. Inú rẹ̀ ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ní nọ́ńbà tirẹ̀. A ńlá ni 65. B ńlá ni 66. Ẹ náà ní tirẹ̀, ṣ náà ní tirẹ̀. Tí fóònù mi bá fi 65 ránṣẹ́, fóònù yín á ya A sójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n 65 yìí kò sọ pé kí A náà nípọn, kò sọ pé kí ó pupa, kò sọ pé kí ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A ni, A lásán. Bí a bá wá fẹ́ kí ó nípọn, a ní láti wá ọ̀nà mìíràn tí a ó fi sọ ìyẹn fún ẹ̀rọ kejì, ẹ̀rọ kejì sì ní láti mọ ohun tí a ń sọ.

Àwọn baba wa mọ irú ọ̀rọ̀ yìí kí fóònù tó dáyé. Tí ènìyàn bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó mọ àrokò kò ní wò ó bí owó. Ẹ̀fà ni yóò kà níbẹ̀, yóò sì mọ̀ pé ọkàn ẹni tó ránṣẹ́ ń fà sí òun. Bí òun náà bá fi mẹ́jọ dáhùn, ẹ̀jọ nìyẹn: ọ̀rọ̀ wọn jọ. Ẹni tó gbé àrokò náà rìn lè má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì pọn dandan kó mọ̀. Ṣùgbọ́n fi mẹ́fà kan náà lé ẹni tí kò sí nínú àdéhùn lọ́wọ́: owó ẹyọ mẹ́fà ni yóò rí, bóyá yóò tilẹ̀ ná an. Sítáà tí Bàbá rí nìyẹn.

Àdéhùn tí ẹ̀rọ méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní protocol. Àdéhùn ni èmi yóò máa pè é. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú láti ìsinsìnyí lọ ni pé ohun méjì ló wà nínú gbogbo ìfìránṣẹ́ tó bá ní ọ̀ṣọ́: ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, àti aṣọ tí a wọ̀ fún un. Gbogbo ìdàrúdàpọ̀ tó wà níbí kò ju pé a kò mọ ibi tí a ó di aṣọ náà sí, kí ó lè bá ọ̀rọ̀ dé ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú

Ní 1988, ọmọ Fínlándì kan tó ń jẹ́ Jarkko Oikarinen dá IRC sílẹ̀ ní ìlú Oulu, kí àwọn èèyàn lè máa jùmọ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá kan lórí kọ̀ǹpútà. Kò sí ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ nínú àdéhùn náà rárá. Àwọn tó ṣe app fún un lẹ́yìn náà ni wọ́n dọ́gbọ́n sí i. Wọ́n mú àwọn nọ́ńbà tí kò jẹ́ ti lẹ́tà kankan, wọ́n ní: bí ẹ bá pàdé nọ́ńbà 2, ẹ mú kí lẹ́tà nípọn títí ẹ ó fi tún pàdé 2 mìíràn. Nọ́ńbà 3 ni ti àwọ̀, nọ́ńbà àwọ̀ tí a fẹ́ á sì tẹ̀lé e. Pupa jẹ́ 4.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti kọ́kọ́ yọjú. Ká ní mo fẹ́ kọ "5 péré ló kù" ní pupa. Mo kọ àmì àwọ̀, mo kọ 4, mo wá kọ 5 tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. App tó gbà á kò rí pupa, kò sì rí 5. 45 ló rí, ó ní àwọ̀ karùndínláàádọ́ta ni mo ń béèrè. Ìdí rèé tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò fi máa ń kọ 04 dípò 4. Aṣọ ti jẹ ọ̀rọ̀ lára. Ẹ rántí àpẹẹrẹ yìí, nítorí a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.

MSN Messenger, app ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ Microsoft tó dé ní 1999, gba ọ̀nà tó rọrùn jù: ó kọ irú lẹ́tà àti àwọ̀ sí orí ìfìránṣẹ́, lọ́tọ̀ sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Kò lè dàrú, ṣùgbọ́n gbogbo ìfìránṣẹ́ náà ló máa nípọn tàbí kí gbogbo rẹ̀ má nípọn. O kò lè mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láàrin. Àwọn tó ń sanwó wákàtí ní cybercafé ní Èkó àti Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí á rántí Yahoo Messenger àti lẹ́tà aláwọ̀ oríṣiríṣi inú rẹ̀. Yahoo náà ní àmì ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀. Kò sí èyí tó gbọ́ èdè èkejì nínú wọn.

Sítáà tó ń rìn ní gbangba

Ọ̀nà tó gbilẹ̀ jù lónìí ni kí àmì ọ̀ṣọ́ má ṣe ìkọ̀kọ̀ mọ́, kí ó jẹ́ ohun tí ojú ń rí tí ọwọ́ sì lè tẹ̀. Ní 2004, John Gruber ní Amẹ́ríkà gbé Markdown jáde, ọ̀nà ìkọ̀wé tó ń fi àmì lásán sọ bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe rí, Aaron Swartz sì bá a lọ́wọ́ sí i. Nínú Markdown, sítáà kan ní iwájú àti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ máa ń jẹ́ kí lẹ́tà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan; sítáà méjì-méjì ló ń jẹ́ kí ó nípọn. Nígbà tí WhatsApp mú ọ̀ṣọ́ lẹ́tà wọlé ní 2016, sítáà kan ṣoṣo ni wọ́n fi jẹ́ kí lẹ́tà nípọn, wọ́n fi ìlà ìsàlẹ̀ jẹ́ kí ó fì. Ní 2024 wọ́n fi ìlà oníkókó, ìlà onínọ́ńbà àti àyọlò kún un. Slack, app tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, dúró ní ìhà WhatsApp lórí ọ̀rọ̀ sítáà kan yìí; Discord, app ìfọ̀rọ̀wérọ̀ mìíràn, dúró ní ìhà Markdown. Nítorí náà, àmì kan náà, ìka kan náà tó tẹ̀ ẹ́, ìtumọ̀ méjì. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Owó ẹyọ mẹ́fà ìlú kan kò pọn dandan kó jẹ́ mẹ́fà ìlú kejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí ni ibi tí sítáà kì í ti í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá. Ẹ wo káàdì ìpè. Ní Nàìjíríà, *311* là ń tẹ̀ kí a tó tẹ nọ́ńbà ara káàdì, a ó wá fi # parí rẹ̀. Ká ní ọmọ kan ra káàdì fún ìyá rẹ̀, ó sì tẹ *311*1234567890# ránṣẹ́ lórí app tó ń tẹ̀lé òfin Markdown. App náà rí sítáà níwájú 311, ó rí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbà pé ọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ó mú 311 fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì gbé sítáà méjèèjì sọnù. Ohun tí ìyá rí ni 3111234567890#. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, kò lọ. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kọ kọ́ ni ó dé ọ̀dọ̀ ìyá, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú àwọn méjèèjì pé nǹkan kan ti sọnù lọ́nà. Sítáà tó yọ síta ní fóònù Bàbá ń bí èèyàn nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Sítáà tó pòórá nígbà tí kò yẹ kó pòórá ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ohun kan tí àwọn ará XMPP ṣe. XMPP ni àdéhùn tí Jeremie Miller bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 1999 pẹ̀lú orúkọ Jabber. Ẹnikẹ́ni ló lè fi kọ́ app tirẹ̀, orí rẹ̀ sì ni WhatsApp ti kọ́kọ́ gbéra kí wọ́n tó tún un ṣe ní ọ̀nà tiwọn. Àfikún òfin XMPP kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ XEP-0393. Sítáà kan náà ló ń lò, ṣùgbọ́n ó ní kí app mú lẹ́tà náà nípọn, kí ó sì fi sítáà sílẹ̀ níbi tó wà kí gbogbo ojú máa rí i. Ó lè má dùn ún wò tó ti WhatsApp. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ yẹn á rí *311* rẹ̀ lódindi, bí app náà tilẹ̀ ṣèèṣì mú 311 nípọn. Òfin náà tún pèsè àmì kékeré kan tí app lè fi sí ara ìfìránṣẹ́ láti sọ pé: ẹ má fi ọ̀ṣọ́ kankan sí èyí, bó ṣe wà ni kí ẹ kà á.

Ohun tí ọwọ́ tẹ̀ kọ́ ni ohun tó ń rìn

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n tú kókó kan tó ń dè ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Bí ẹ ṣe tẹ ọ̀ṣọ́ wọlé jẹ́ ọ̀tọ̀, bí ó ṣe rin ìrìn àjò jẹ́ ọ̀tọ̀. Ní WhatsApp, sítáà tí ẹ tẹ̀ ló ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tí ẹ bá kọ́pì rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ní Telegram, ẹ lè tẹ sítáà méjì-méjì, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó kúrò lórí fóònù yín, app ti yọ wọ́n kúrò, ó ti kọ ìtumọ̀ wọn sí ibòmíràn. Ní òpin 2019, Slack yí àpótí tí àwọn èèyàn fi ń kọ̀wé padà: bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni lẹ́tà á ti máa nípọn lójú yín, bọ́tìnì sì wà fún ọ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ti mọ́ lára láti máa tẹ àmì fúnra wọn bínú gidigidi, láìpẹ́ Slack fún wọn ní ààyè láti padà sí ti àtijọ́. Ìjà ọwọ́ àti ojú ni ìyẹn. Ìjà tí mo ń sọ níhìn-ín, ojú ọ̀nà ló wà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà méjì

Ọ̀nà kejì ni kí a lo HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ti ní ọ̀ṣọ́ gbogbo tí èèyàn lè rò, kí ló dé tí a kò ní yá a lò? XMPP gbìyànjú rẹ̀ nínú àfikún tí wọ́n pè ní XHTML-IM. Ẹ̀dà méjì ló ń lọ nínú ìfìránṣẹ́ kan: ọ̀rọ̀ lásán, àti ọ̀rọ̀ kan náà tó ti wọ aṣọ HTML. App tó gbọ́ HTML á fi aṣọ hàn. Èyí tí kò gbọ́ á fi ọ̀rọ̀ lásán hàn, kò sì ní sí sítáà kankan níbẹ̀. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ìkéde mi ránṣẹ́ sí Bàbá ni, wọn kì bá tí pè mí.

Ó dára létí. Ṣùgbọ́n wàhálà méjì wà nínú rẹ̀.

Èkíní ni pé HTML kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nìkan. Ó lè gbé àwòrán tó wà lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, kí ẹni náà sì mọ ìgbà tí ẹ ṣí ìfìránṣẹ́ rẹ̀ àti ibi tí ẹ ti ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lè gbé àṣẹ tí ẹ̀rọ yín á máa ṣe láìjẹ́ pé ẹ pàṣẹ fún un. Òfin XHTML-IM ka ìwọ̀nba ohun tí ó gbà láyè, ó sì ní kí app yọ ìyókù dànù, ṣùgbọ́n ìwé ni ìyẹn. Ẹni tó ń kọ́ app tó kánjú, tó kàn da gbogbo HTML tó wọlé sójú bùráúsà, ti ṣílẹ̀kùn ilé fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Irú àṣìṣe yìí wáyé léraléra, títí tí àwọn tó ń bójú tó òfin XMPP fi gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn ní 2018 pé kí wọ́n má lo XHTML-IM mọ́.

Wàhálà kejì kò pariwo tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń kọ mí lóminú jù. Ẹ̀dà méjì wà: ta ló sọ pé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ? Ẹni tó ní èrò burúkú lè kọ 5,000 sínú ọ̀rọ̀ lásán, kí ó kọ 50,000 sínú ẹ̀dà aláṣọ. Èmi lórí fóònù tuntun rí ọ̀kan, ẹ̀yin lórí fóònù mìíràn rí èkejì, àwa méjèèjì á sì búra pé ohun tí a rí ni wọ́n kọ.

Síbẹ̀, ọ̀nà náà kò kú. Matrix, àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ṣì ń lò ó: ọ̀rọ̀ lásán wà ní àyè tí wọ́n pè ní body, ẹ̀dà aláṣọ wà ní formatted_body. Wọ́n ka àwọn àmì HTML tí app lè gbà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tilẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó má gba àmì tó wà nínú àmì tó wà nínú àmì ju ìpele 100 lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìyẹn dá app dúró. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni, kò sì gbọdọ̀ sùn.

Kíka lẹ́tà, àti ìdí tí ọ̀rẹ́ fi ń jẹ́ márùn-ún

Ọ̀nà kẹta ni mo rí pé ó mọ́ jù. Fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, má kan ohunkóhun lára rẹ̀. Kọ aṣọ rẹ̀ sí ìwé kékeré mìíràn tí yóò bá a lọ: "láti àyè báyìí dé àyè báyìí, kí ó nípọn." Telegram ń ṣe bẹ́ẹ̀, Signal, app mìíràn bíi WhatsApp, ń ṣe bẹ́ẹ̀, XMPP náà ní XEP-0394 tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. App tí kò mọ ìwé kékeré náà á jù ú nù, ọ̀rọ̀ á sì dé lódindi. Sítáà *311* kò ní sọnù, nítorí kò sí ẹni tó ń wá ọ̀ṣọ́ nínú ọ̀rọ̀. Kò sí ẹ̀dà méjì tó lè tako ara wọn. Kò sí HTML.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣòro níbẹ̀: a gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń ka lẹ́tà. Ibí yìí ni Yorùbá ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà tààrà.

Lẹ́tà mélòó ló wà nínú ọ̀rẹ́? Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á ní mẹ́ta: ọ̀, r, ẹ́. Ó gbà á. Ṣùgbọ́n Unicode kò fún ọ̀ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, kò sì fún ẹ́. Ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó gùn ún lórí ní tirẹ̀. Ẹ ní tirẹ̀, àmì ohùn òkè ní tirẹ̀. Márùn-ún nìyẹn. Kò tíì parí: kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ ọ gẹ́gẹ́ bí o lásán, kí ó wá kọ àmì ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó tó kọ àmì ohùn. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ náà, ọ̀rẹ́ ti di méje. Lójú yín, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàrin márùn-ún yẹn àti méje yìí. Bí ẹ bá wá ka iye báìtì, ìwọ̀n kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń ka ohun tó ń gbé, tí oní márùn-ún ń gbà ní ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò jù, mọ́kànlá ni.

Ẹ wá wo gbólóhùn yìí: "Ọ̀rẹ́ mi, aago mẹ́rin ni o." Mo fẹ́ kí "aago mẹ́rin" nípọn. App mi ka nọ́ńbà, ó ní mẹ́wàá ló ṣáájú, mọ́kànlá ni kí ẹ mú nípọn. Bí app yín bá ń ka lẹ́tà bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, á fo mẹ́wàá, á sì ti kọjá "aa" àkọ́kọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. "Go mẹ́rin ni" ló máa nípọn. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní àmì kankan kò ní irú ìṣòro yìí, ìdí nìyẹn tí ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan dán app rẹ̀ wò fi lè lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ̀ pé kíkà rẹ̀ kò pé. Emoji ló kọ́kọ́ ta ọ̀pọ̀ wọn jí. 😂 jẹ́ ẹyọ kan nínú Unicode, ṣùgbọ́n ní UTF-16, ọ̀nà ìkà tí Telegram àti Signal ń lò, méjì ni. XMPP ní tirẹ̀ ń ka nọ́ńbà Unicode, níbi tí 😂 ti jẹ́ ẹyọ kan. Èyíkéyìí nínú méjèèjì ló dára, bí gbogbo ẹni tó wà nínú àdéhùn bá ti ń ka bákan náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì yí ọ̀rẹ́ oníméje padà sí oní márùn-ún lójú ọ̀nà láìtún ìwé kékeré náà kọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ app, mo bẹ̀ yín, ẹ fi "Ọ̀rẹ́ mi, aago mẹ́rin ni o" dán kíkà yín wò.

Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo máa ń gbọ́ tó ń bà mí nínú jẹ́: "Yọ gbogbo àmì yẹn kúrò, èèyàn á lóye rẹ̀." Bí ẹni pé sítáà ni wọ́n. Àmì ohùn kì í ṣe aṣọ ọ̀rọ̀, ara ọ̀rọ̀ ni. Bí mo bá kọ ọ́ pé kí gbogbo ẹbí mú ọwọ̀ wá ní Sátidé kí a lè gbálẹ̀ àgbàlá, tí ẹnìkan wá bọ́ àmì rẹ̀, "owo" ló kù. Àwọn kan á mú ọwọ̀ wá, àwọn kan á mú owó wá, àwọn kan á sì jókòó sílé nítorí wọn kò ní owó.

Mo mọ ibi tí ìwà náà ti wá, kò sì yẹ kí a dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún un. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán gba àyè 160 ní ojú ewé kan, bí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ bá wà nínú ètò kékeré tí wọ́n ṣe fún un ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ètò náà ní à, è, ì, ò, ù àti é, nítorí àwọn èdè ibẹ̀ nílò wọn. Kò ní á, kò ní í, kò ní ó, kò ní ú. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Bí ẹ bá fi ẹ kan péré sínú rẹ̀, gbogbo ìfìránṣẹ́ náà á ṣí lọ sí ètò ńlá, àyè 160 á sì di 70. Bí ó bá ju ojú ewé kan lọ, 67 ló kù fún ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ìkéde àyè 150 tí owó ojú ewé kan ì bá tó fún á wá di ojú ewé mẹ́ta. Ẹni tó ń fi ìkéde ránṣẹ́ sí igba èèyàn á rí i lápò rẹ̀. Orí WhatsApp, Telegram tàbí XMPP, kò sí irú òǹkà bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àṣà náà ti wọ̀ wá lára.

Àṣìṣe òdìkejì náà sì wà. Àwọn kan ń lo lẹ́tà aláràbarà tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ọ̀rọ̀ wọn lè nípọn níbi tí kò sí ọ̀ṣọ́ lẹ́tà. Àwọn lẹ́tà yẹn kì í ṣe lẹ́tà lásán tó nípọn. Àmì ìṣirò ni wọ́n, Unicode gbà wọ́n wọlé ní 2001 fún àwọn onímọ̀ ìṣirò. Ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ yín kò ní rí i. Ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ sétí afọ́jú lè fò ó, tàbí kí ó máa pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìṣirò rẹ̀. Kò sì sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú wọn rárá. Ẹ má lò ó fún ohun tó ṣe pàtàkì.

Ní báyìí tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù, tó di dandan fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá láti oṣù kẹta 2024, ti ní kí app ńlá bíi WhatsApp ṣí ọ̀nà fún àwọn app mìíràn láti bá a sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ àdéhùn yìí yóò túbọ̀ kan gbogbo wa. Sáfà, ẹ̀rọ tó wà láàrin tó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ fóònù kan fún èkejì, kò sì lè bá wa tún un ṣe: níbi tí a bá ti fi kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀rọ̀ pa láti fóònù dé fóònù, bí ẹni tó gbé àrokò ni sáfà rí. Ó ń gbé e lọ ni, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Fóònù méjèèjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ra wọn yé.

Ní tèmi, mo ti yí bí mo ṣe ń kọ̀wé padà. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà tí a ó tẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, orí WhatsApp mo máa ń fi àmì ``` sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí app má baà rò pé ọ̀ṣọ́ ni sítáà inú rẹ̀. Bí mo bá sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè rìn kọjá app tí mo ti kọ ọ́, mi ò ní gbé ohun pàtàkì inú rẹ̀ ka orí lẹ́tà tó nípọn. Yorùbá ti ní ohun tí a fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe kíbọ́ọ̀dù. A kàn máa gbé ohun tó ṣe pàtàkì wá síwájú, kí a fi "ni" tì í lẹ́yìn, kí a fi "o" parí rẹ̀. Kò sí fóònù tí ìyẹn lè sọnù lórí rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá, mo tún ìkéde náà kọ ránṣẹ́ sí wọn: "Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìpàdé o. Ilé Ẹ̀gbọ́n ni a ó ti ṣe é." Ojú ewé kan ló gbà. Wọ́n ti jókòó síbẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù.